Kí Ló Ń Sọ Ojú Ohun Tó Ń Ga Di Gbágungbàgun?

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo mẹ́nu bà á díẹ̀ nígbà yẹn, ni lẹ́tà bá ń já lu lẹ́tà. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí báyìí. Àwọn tó kọ̀wé ò mọra wọn rí, ọ̀kan ń sọ mẹ́táàlì, ọ̀kan ń sọ iná, ọ̀kan ń sọ bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wò láìmọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mọ́ mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wa ni ká máa fi mẹ́táàlì tín-ín-rín bo ojú gíláàsì. A ó gbé gíláàsì sínú ẹ̀rọ, a ó fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, a ó wá mú mẹ́táàlì gbóná títí tó fi máa di oru, oru yẹn lá máa bà lé gíláàsì díẹ̀díẹ̀. Ibi gbogbo ló ń bà lé dọ́gba, a ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Síbẹ̀ tá a bá wò ó fínnífínní, ojú ẹ̀ rí gbágungbàgun, bó ṣe ń nípọn sí i ló sì ń burú sí i. Ọ̀gá mi ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mi ò gbà. Kí la ṣe tí ò dáa?

ÌDÁHÙN: Ẹ ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa, òótọ́ lọ̀gá yín sọ, àmọ́ ó yẹ kó ṣàlàyé fún yín. Ohun tó ń ṣi gbogbo wa lọ́nà ni "dọ́gba" yẹn. Pé ibi gbogbo láǹfààní kan náà yàtọ̀ sí pé ibi gbogbo máa gba iye kan náà.

Ẹ mú bébà gíráàfù kan, ẹ fa ìlà gbọọrọ sísàlẹ̀, ẹ kọ 1 dé 6 sábẹ́ àpótí mẹ́fà tó tò tẹ̀léra, kẹ́ ẹ wá máa ju dáìsì. Nọ́ńbà tó bá já, ẹ fi pẹ́ńsù kun àpótí kan lókè ẹ̀. Èmi náà jókòó ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé. Kí n tó jù ú tó ogún, òpó 3 ti yọrí láàrin àwọn tó kù, òpó 5 ṣì wà nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé, ọkàn mi sì ń sọ pé tó bá yá 5 á lé e bá. Kí ló fẹ́ mú un lé e bá? Dáìsì ò rántí ohun tó já tẹ́lẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣíwájú. Bí mo ṣe ń jù ú lọ ni àlàfo àárín àwọn òpó ń fẹ̀, nígbà mìíràn á kéré díẹ̀, á tún wá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Ká ní òpó pọ̀ rẹpẹtẹ, tí òpó kọ̀ọ̀kan sì ti gba àpótí 100 ní áfárééjì, ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ máa rí láàrin gíga wọn àti áfárééjì yẹn á wà ní bíi 10. Tó bá di 400, ìyàtọ̀ á di 20. Tó bá di 10,000, ó di 100. Ìyẹn ni pé kí gbágungbàgun tó lè di ìlọ́po méjì, àkókò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 4. Ẹ fi 4 yẹn sọ́wọ́, a máa padà wá bá a.

Mẹ́táàlì tiyín ò burú tó bẹ́ẹ̀ ṣá, torí àpótí tèmi ò mọ aládùúgbò ẹ̀. Òpó 3 lè ga dé àjà, òpó 4 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò ní mọ̀ rárá. Átọ́ọ̀mù tó bà lé gíláàsì ní tiẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó máa ń rìn kiri lórí ibẹ̀ títí tó fi máa rí kọ̀rọ̀ kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti lè dì í mú, kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì wọ́pọ̀ níbi tó rẹlẹ̀ ju orí òkè lọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí gíláàsì gbóná díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ wọn á yá, ojú ẹ̀ á tẹ́jú sí i. Àmọ́ ìyẹn náà níbi tó mọ. Ní 1966, Ehrlich àti Hudda ń ṣọ́ átọ́ọ̀mù tungsten lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tungsten, wọ́n rí i pé átọ́ọ̀mù tó bá rìn dé etí pèpéle kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á dé bèbè, á padà sẹ́yìn. Ẹni tí ò bá sì lè sọ̀ kalẹ̀, òkè ló máa kọ́lé sí, bí òkìtì ṣe ń hù lórí àwọn mẹ́táàlì kan nìyẹn bó ti wù kẹ́ ẹ ṣọ́ra tó.

Àwọn tó fi ìṣirò sí ọ̀rọ̀ aládùúgbò yìí ni Sam Edwards àti D. R. Wilkinson ní 1982. Hóró tó ń jábọ́ sórí òkìtì ni wọ́n ń rò: hóró tó bá bọ́ sórí òkè á yí lọ síbi tó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlà kan là ń wò, bíi ti orí bébà gíráàfù yẹn, yíyí yìí ò dá gbágungbàgun dúró, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni: kó tó di ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po 16. Ẹ fi 16 náà pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4.

ÌBÉÈRÈ: Omi tí mo bá dà sínú bàsíà máa ń tẹ́jú fúnra ẹ̀. Kí ló dé tí mẹ́táàlì yẹn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Torí omi inú bàsíà ti jókòó. Kò sóhun tó ń wọlé, kò sóhun tó ń jáde, tẹ́ ẹ bá ya fídíò ẹ̀ tẹ́ ẹ sì yí fídíò náà sẹ́yìn, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ iwájú. Ojú ẹ̀ náà ń gbọ̀n o, ooru ń mì ín ní ìwọ̀n tó kéré bí átọ́ọ̀mù, àmọ́ gbígbọ̀n yẹn kì í pọ̀ lónìí ju àná lọ. Ohun tó ń ga yàtọ̀, ẹrù tuntun ń dé lórí ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ti tẹ́lẹ̀ tó tò tán, tuntun ti bò ó mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí fídíò tiẹ̀ sẹ́yìn, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀. Físíìsì ohun tó ti balẹ̀ ti gbó, òfin ẹ̀ pé ṣáṣá, ẹ mú ìwọ̀n ooru wá, wọ́n á bá yín ṣírò ìyókù. Ti ohun tí ò tíì balẹ̀ ò ní irú òfin kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí inú àwọn onímọ̀ fi ń dùn gan-an tí wọ́n bá rí ibì kan nínú ẹ̀ tó fara mọ́ ìṣirò, ojú ohun tó ń ga sì wà lára irú ibi bẹ́ẹ̀ tó kéré níye.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo tiná bọ etí bébà kan (dádì mi wà níbẹ̀, omi náà wà níbẹ̀), mo wá fẹ́ ọwọ́ iná yẹn pa, ó kù kí bébà máa jó lọ jẹ́jẹ́ láìní ọwọ́ iná. Etí tí mo tiná bọ̀ gún bíi rúlà, ṣùgbọ́n ìlà pupa tó ń jẹ bébà lọ yẹn, kó tó dé àárín ó ti wọ́ síbí ó ti wọ́ sọ́hùn-ún. Ṣé bébà yẹn ni ò dáa ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o káre. Ohun tó o fi ojú ara ẹ rí yẹn, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Jyväskylä ní Fínlándì àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn jókòó tì í, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 1997. Wọ́n fi potassium nitrate sára bébà kó lè máa jó jẹ́jẹ́ láìní ọwọ́ iná bíi tìẹ, wọ́n wá gbé kámẹ́rà tì í, wọ́n ń wọn ìlà iná yẹn bó ṣe ń rìn. Kò sóhun tó ṣe bébà ẹ. Fọ́nrán inú bébà kì í pín dọ́gba, ibì kan ki, ibì kan fẹ́lẹ́, iná á yára níbì kan, á lọ́ra níbì kan. Àkọsẹ̀bá tìẹ nìyẹn, òun ló dúró ní ipò dáìsì.

Àmọ́ iná ní ohun kan tí hóró Edwards àti Wilkinson ò ní, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o tẹjú mọ́ dáadáa. Iná kì í ga sókè nìkan, ó ń jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Ibi yòówù kí ìlà iná kọjú sí, iwájú ara ẹ̀ ló ń jẹ lọ. Mú rúlà kó o bá mi yà á. Ya ìlà kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ká ní iná ń jẹ mìlímítà 1 ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ìlà yẹn á ti gòkè ní mìlímítà 1. Kò sí wàhálà. Wá ya ìlà mìíràn tó dagun ní dígírí 45. Òun náà jẹ mìlímítà 1 síwájú ara ẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá gbé rúlà dúró lóòró tó o sì wo ibi tí ìlà tuntun ti gé e, o máa rí i pé ó ti gòkè ní mìlímítà 1.4. Ní dígírí 60, mìlímítà 2 gbáko! Iná ò yára sí i o, iná kan náà ni, dídagun ẹ̀ ló jẹ́ kó dà bíi pé ó yára tá a bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀ sókè. Bó sì dagun sápá ọ̀tún bó dagun sápá òsì, bákan náà ló rí, méjèèjì ló ń yára.

Nǹkan kékeré yẹn ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Òkè tó bá ṣíwájú á máa gbòòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa jẹ àwọn òkè kéékèèké tó yí i ká, níbi tí òkè ńlá méjì bá ti pàdé, àárín wọn á há, á wá mú ṣóńṣó. Padà lọ wo bébà ẹ, wo ìlà tó kù síbẹ̀: apá ibi tí iná ti ṣíwájú máa rí roboto, ibi tó ti kù sẹ́yìn máa mú. Tó o bá yí bébà náà dorí kodò, kò ní jọ ara ẹ̀ mọ́. Ìlà ti Edwards àti Wilkinson ní tiẹ̀, tó o bá yí i dorí kodò o ò ní mọ̀yàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí èyí gba ẹ̀bùn Nobel. Ta ni? Àti pé kí ni KPZ tí mò ń rí kiri yẹn?

ÌDÁHÙN: Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé èèyàn mẹ́ta ni: Mehran Kardar, Giorgio Parisi àti Yi-Cheng Zhang. Ní 1986 ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde. Parisi ló gba Nobel ti físíìsì ní 2021, ìdajì ẹ̀bùn náà ló gbà, Syukuro Manabe àti Klaus Hasselmann pín ìdajì yòókù lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wá lọ sọ pé torí KPZ nìkan ni wọ́n ṣe fún un o, iṣẹ́ ẹ̀ lórí àwọn ohun tí ò létò ló gbawájú níbẹ̀.

Ohun tí àwọn mẹ́ta yìí ṣe ò gùn. Wọ́n mú ìdọ́gba ìṣirò Edwards àti Wilkinson, èyí tó ní nǹkan méjì nínú: ohun tó ń tẹ́ òkè sí kòtò, àti àkọsẹ̀bá tó ń dà á rú. Wọ́n wá fi ẹ̀kẹta kún un, ìyẹn ìdagun tí wọ́n fi ìdagun sọ di púpọ̀, ohun kan náà tí mo ní kí àbúrò mi fi rúlà yà lókè yẹn. Ìdagun nígbà ìdagun, torí náà kò kan bóyá ọ̀tún ni àbí òsì. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ fún ohun tó jẹ́ ìlà, 4 ò jáde, 16 náà ò jáde, 8 ló jáde: kí gbágungbàgun tó di ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po 8, kó tó di ìlọ́po mẹ́ta, àkókò á di ìlọ́po 27. Mo ti mọ nọ́ńbà yìí ó pẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé ohun tó rú bẹ́ẹ̀ yẹn lè bí nọ́ńbà tó mọ́ tóníní báyìí, tí kò sì bìkítà irú iná tó jẹ́, bí bébà ṣe nípọn tó, tàbí bó ṣe ń yára tó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Ọdún tó lé ní ogún ni àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń lo ìdọ́gba yẹn nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣì ń bi ara wọn pé kí gan-an ló túmọ̀ sí. Ìlà KPZ rí kángunkàngun débi pé bó ti wù kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn tó, ẹ ò ní bá ibi tó gún, kò wá sí ìdagun kan pàtó ní ojú kankan, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi ohun tí ò sí sọ ara ẹ̀ di púpọ̀? Wọ́n ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yí i ká, ṣùgbọ́n Martin Hairer ló wá kojú ìdọ́gba náà fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ jáde ní 2013, ó sì gba ẹ̀bùn Fields, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ ìṣirò, ní 2014.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé á máa rí gbágungbàgun lọ títí ayé ni?

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ ti dáìsì mi, bẹ́ẹ̀ ni, kò sópin. Àmọ́ níbi tí aládùúgbò bá ti mọ aládùúgbò, ó lópin, ìwọ̀n ohun tẹ́ ẹ ń wò ló sì ń pinnu ẹ̀. Ẹ rò ó bí ìròyìn tó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òkè kan ò mọ̀ ju ẹni tó kàn án lọ. Tó bá yá, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí á dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá, á dé ọ̀dọ̀ ẹni ọgọ́rùn-ún, òkè á máa fẹ̀, á sì máa ga. Lọ́jọ́ tí ìròyìn bá ti etí kan dé etí kejì, kò síbi tó tún fẹ́ lọ mọ́. Látọjọ́ náà, ojú yẹn á ṣì máa yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n gbágungbàgun ẹ̀ ò ní pọ̀ sí i mọ́.

Fereydoon Family àti Tamás Vicsek ló tò ó bẹ́ẹ̀ ní 1985. Fún ìlà, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 4 ní fífẹ̀, ibi tí gbágungbàgun máa dúró sí á di ìlọ́po 2. Ìyẹn rí bákan náà fún Edwards-Wilkinson àti KPZ. Àkókò tí wọ́n máa fi débẹ̀ ni ò dọ́gba: ti Edwards-Wilkinson á di ìlọ́po 16, ti KPZ á di ìlọ́po 8 péré, torí ìròyìn ń yára rìn nínú KPZ. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ wọn nǹkan, ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹni méjì lè wọn ohun kan náà, kí ọ̀kan wo ibi kékeré, kí èkejì wo ibi tó fẹ̀, kí iye wọn máà bára mu, kí wọ́n wá máa bára wọn jà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Bakitéríà ni mò ń tọ́ nínú àwo gíláàsì. Láti ojú kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa fẹ̀ roboto. Ṣé nọ́ńbà kan náà ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà gbọọrọ?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí jinlẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Murray Eden ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ kalẹ̀ ní 1961: sẹ́ẹ̀lì kan láàárín, kí ọ̀kan ṣáà máa so mọ́ etí ẹ̀ níbi tó bá bọ́ sí, ká wá wò ó bó ṣe máa rí. Tóúnjẹ bá dé ọ̀dọ̀ gbogbo bakitéríà tó wà létí, ó lè sún mọ́ irú èyí. Tóúnjẹ bá wọ́n, ọ̀rọ̀ á yí padà, mo máa sọ ìyẹn nísàlẹ̀.

Ìdáhùn mi ni pé 8 yẹn ò yí padà, yálà ojú kan lẹ ti bẹ̀rẹ̀ àbí ìlà gbọọrọ. Ohun tó yàtọ̀ ni bí àkọsẹ̀bá ṣe tú ká. Tẹ́ ẹ bá ṣe ohun kan náà lọ́pọ̀ ìgbà tẹ́ ẹ sì ka iye ìgbà tí gíga kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ lè máa retí àwòrán tó dà bí agogo, tí apá ọ̀tún ẹ̀ bá apá òsì mu. KPZ kì í fún yín ní agogo. Àwòrán tó wọ́ sápá kan ló ń fún yín, ìrù kan gùn ju èkejì lọ. Michael Prähofer àti Herbert Spohn fi hàn ní 2000 pé irú àwòrán kan wà fún èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan, òmíràn sì wà fún èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà gbọọrọ. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwòrán méjèèjì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: Craig Tracy àti Harold Widom ti rí wọn lọ́wọ́ ibòmíràn pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò lórí tábìlì ńlá tí wọ́n fi nọ́ńbà àkọsẹ̀bá kún. Kí ló pa tábìlì nọ́ńbà pọ̀ mọ́ etí bakitéríà? Ìṣirò ló so wọ́n pọ̀, òótọ́ sì ni.

Ìṣirò ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí kí 2010 tó dé. Ní ọdún yẹn, Kazumasa Takeuchi àti Masaki Sano, ní Japan, mú líkúídì kírísítálì (ohun tó ń ṣàn bí omi ṣùgbọ́n tí inú ẹ̀ tò létòlétò) tín-ín-rín tó wà láàrin gíláàsì méjì, wọ́n fi iná mànàmáná rú u títí tó fi ń dà gùdẹ̀. Irú rírú méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ. Wọ́n wá ta lésà sí ojú kan fún ìṣẹ́jú àáyá tó kéré gan-an, rírú tó lágbára bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fẹ̀, ó ń jẹ èyí tí ò lágbára lọ, roboto bíi bakitéríà tiyín. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé wọ́n lè pa á kí wọ́n tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà ni wọ́n sì tún un ṣe. 8 jáde. Àwòrán tó wọ́ sápá kan jáde, èyí gan-an tó jẹ́ ti ojú kan. Nígbà tó yá wọ́n ta lésà náà bí ìlà gbọọrọ dípò ojú kan, àwòrán kejì ló jáde. Ohun kan náà, nínú gíláàsì kan náà, ó ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo kà á pé bátìrì lítíọ́ọ̀mù máa ń hu nǹkan bí abẹ́rẹ́ nínú tí wọ́n bá ń gba iná sí i lágbàjù. Ṣé KPZ nìyẹn náà?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Nínú KPZ, òkè ò ní àǹfààní kankan ju kòtò lọ lórí ohun tó ń bọ̀ láti òkè. Nínú bátìrì, àwọn áyọ́nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní iná mànàmáná lára, ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tó bá yọ orí síta ló máa kọ́kọ́ bá wọn pàdé, á gba tiẹ̀, á gba ti ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀, á tún wá yọ orí sí i. Ẹni tó ga ń ga sí i, ẹni tó rẹlẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà. Ìyẹn ló ń bí ẹ̀ka bí igi àti abẹ́rẹ́ gígùn. Witten àti Sander gbé irú ẹ̀ kalẹ̀ ní 1981, bakitéríà tí oúnjẹ wọ́n fún náà sì wà níbẹ̀. Ìdílé mìíràn ni.

ÌBÉÈRÈ: Èmi tí mo ń fi mẹ́táàlì bo gíláàsì lọ́jọ́sí tún padà dé. Nínú 4, 8 àti 16, èwo ni tèmi?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbọ̀. Ọ̀kankan lè máà jẹ́ tiyín nínú wọn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí ẹ̀. 8 àti 16 yẹn, ti ìlà ni. Ojú ni tiyín, ó ní gígùn ó ní ìbú. Fún ojú, Edwards-Wilkinson máa ń lọ́ra gan-an débi pé gbágungbàgun ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má pọ̀ sí i mọ́ tó bá yá. Fún KPZ lórí ojú, kò sẹ́ni tó tíì rí nọ́ńbà tó pé pérépéré, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi wá a, ohun tó ń bọ́ sí ni pé kí gbágungbàgun tó di ìlọ́po méjì, àkókò á di nǹkan bí ìlọ́po 18. Tó bá sì jẹ́ pé ìrìn átọ́ọ̀mù àti etí pèpéle tí mo sọ lókè ló borí nínú ẹ̀rọ yín, nọ́ńbà mìíràn lẹ máa bá.

Nǹkan tó kéré gan-an sì lè gbé nǹkan láti ìdílé kan bọ́ sí òmíràn. Ní Yunifásítì Pennsylvania, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀kán omi tó ní hóró ike kéékèèké nínú gbẹ, hóró yẹn ń tò sí etí ẹ̀kán náà bó ṣe ń gbẹ. Nígbà tí hóró jẹ́ róbótó bí bọ́ọ̀lù, bíi dáìsì mi ló rí, òpó kan ò mọ èkejì. Nígbà tí wọ́n fà á kó gùn díẹ̀, díẹ̀ báyìí, ó bọ́ sínú ìdílé KPZ. Omi ò yí padà, ike ò yí padà. 2013 ni wọ́n gbé ìyẹn jáde.

Nítorí náà, ẹ wọn tiyín ni. Ẹ ṣe gíláàsì márùn-ún, kí ìnípọn mẹ́táàlì jẹ́ nánómítà 10, 20, 40, 80 àti 160, ẹ má yí ooru padà, ẹ má yí bó ṣe ń yára bà lé e padà. Ẹ fi ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tó ń fọwọ́ pa ojú nǹkan wọn gbágungbàgun ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ibi tẹ́ ẹ máa wò fẹ̀ bákan náà lórí gbogbo wọn, kó sì fẹ̀ dáadáa. Ẹ wá wo iye ìlọ́po tí ìnípọn gbọ́dọ̀ di kí gbágungbàgun tó di ìlọ́po méjì. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe é tán, ẹ tún mú gíláàsì tó nípọn jù, kẹ́ ẹ wò ó láti ibi kékeré dé ibi tó fẹ̀, ìyẹn á sọ ibi tí ìròyìn ti dé láàrin wọn. Ẹ kó gbogbo nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo ti ní bébà gíráàfù nílẹ̀.